Bí Àdúgbò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Ṣe Lè Bá Àjọ Pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Ògùn Ṣiṣẹ́ Kí Àjálù Tó Dé àti Lẹ́yìn Tó Bá Dé

Nígbà tí tánkà epo bá ṣubú ní Ògèrè, tàbí tí ìjì bá ṣí òrùlé ilé mẹ́wàá lóru ọjọ́ kan ṣoṣo ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn aládùúgbò, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ yóò dé, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, ó sì ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ láti ibẹ̀ dé Àbìgì àti àwọn ìlú etí omi tó yí i ká. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àdúgbò ló ni wákàtí kìíní tí àjálù bá ṣẹlẹ̀, àti pé ohun tí àjọ náà bá bá nílẹ̀ nígbà tó bá dé ló ń pinnu bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe yá tó. Àwọn tí mo ń kọ ìtọ́nisọ́nà yìí fún ni àwọn olóyè ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àwọn baálẹ̀ àti olóríìtún, àwọn ìyálọ́jà, àwọn ọ̀gá ilé ìwé, àti onílé yòówù tó bá fẹ́ mọ bí ètò náà ṣe ń lọ àti ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wo

Òfin tó dá NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, sílẹ̀ ní ọdún 1999 ló là á kalẹ̀ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, kí igbákejì gómìnà sì jẹ́ alága rẹ̀. Inú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣojú ọlọ́pàá, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, Rẹ́dì Kírọ́ọ̀sì, àti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó wà fún ìlera, iṣẹ́ òde àti àyíká ti máa ń pàdé. Àjọ ìpínlẹ̀, èyí tí a ń pè ní SEMA, ló ń bá wọn ṣe ètò náà lójoojúmọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé SEMA fúnra rẹ̀ kì í pa iná, bẹ́ẹ̀ ni kì í tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí àwọn tí iṣẹ́ wọ̀nyí wà lọ́wọ́ wọn tètè dé, kí wọ́n má sì máa dí ara wọn lọ́wọ́, kí ó ka àdánù, kí ó wá ibùsùn fún ẹni tí ilé rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ó sì pín ohun ìrànwọ́. Àwọn panápaná ló ni iná, àwọn náà la sì ń pè tí ilé bá wó lé ènìyàn lórí. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti TRACE, àjọ Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń ṣètò ìrìnnà ọkọ̀, ló ni ìjàǹbá ọkọ̀. Ọlọ́pàá àti Sífú Dìfẹ́ǹsì ló ń lé èrò sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ẹrù àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Ṣágámù, ti Babcock ní Ìlíṣàn, àti ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ló sábà máa ń gba àwọn tó fara pa ní agbègbè wa. Nígbà tí ọ̀ràn náà bá ju agbára ìpínlẹ̀ lọ ni ìpínlẹ̀ yóò ké sí NEMA. Nítorí náà, tí iná bá ń jó, ẹ má ṣe máa wá nọ́ńbà SEMA kiri nígbà tí ẹ kò tíì pe panápaná.

Lábẹ́ ìpínlẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ wà, mẹ́sàn-án sì ni tiwa: Ìjẹ̀bú-Òde, Àríwá Ìjẹ̀bú, Àríwá Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, Odògbolú, Ogun Waterside, Ìkẹ́nnẹ́, Àríwá Rẹ́mọ àti Ṣágámù. Ní sẹkiteríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ béèrè ẹni tí ọ̀ràn pàjáwìrì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀ àti ti igbákejì rẹ̀. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí ara tù yín, kí ẹni náà rí ojú yín kí ó sì mọ àdúgbò yín, nítorí ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a mọ̀ kì í jọ ìpè láti ọ̀dọ̀ àlejò.

Ìmúrasílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni NiMet, iléeṣẹ́ tó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún náà jáde: ọjọ́ tí ó lè bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó lè dáwọ́ dúró, àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Àjọ NIHSA, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ odò àti omi ilẹ̀, máa ń gbé tirẹ̀ jáde nípa omíyalé, ó sì máa ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ewu náà lè kàn. Inú ìwé méjèèjì yìí ni àjọ ìpínlẹ̀ ti ń mú ìkìlọ̀ rẹ̀, òun náà ló sì fi ń pinnu ibi tí yóò kó kúbùsù, ẹní, fóòmù, oúnjẹ àti páànù sí. Kí akọ̀wé àdúgbò béèrè ní sẹkiteríàtì bóyá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín wà nínú rẹ̀ ní ọdún náà. Tí ó bá wà níbẹ̀, ẹ kà á sí ìpàdé ẹgbẹ́ létí, kí wọ́n sì tún kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń le ní ilẹ̀ wa, ìgbà kìíní ní oṣù kẹfà sí oṣù keje, ìgbà kejì ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Ìjì tó ń ṣí òrùlé ní tirẹ̀ kì í dúró de ìgbà yẹn, oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni tirẹ̀, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀. Nítorí náà, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì ni kí a kan ìṣó páànù tó ti tú, kí a gé ẹ̀ka igi tó gbára lé ilé tàbí wáyà iná, kí a sì kó pàǹtírí inú gọ́tà kúrò níbẹ̀ pátápátá. Mo sọ pátápátá nítorí pé àwa náà máa ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà sí etí gọ́tà, òjò kìíní á sì gbá a padà sínú rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, iná igbó ló gba ìṣọ́ra jù, pàápàá ní oko ìhà Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú: kí a ro àyíká ahéré, kí ẹnikẹ́ni má sì fi iná sílẹ̀ lóko lọ sílé.

Ti Ogun Waterside yàtọ̀. Odò Ọ̀ṣun ń kó omi òjò àwọn ìlú òkè wá sí ọ̀sà Lẹ́kkí, nítorí náà omi lè kún bo etí odò ní ọjọ́ tí ẹ̀kán òjò kan kò kán síbẹ̀. Àwọn ará etí omi mọ èyí ju ẹni tó ń kọ̀wé yìí lọ. Ohun tí mo kàn fẹ́ fi kún un ni pé kí wọ́n ri igi kan mọ́lẹ̀ ní èbúté, kí wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà sí i lára ní ibi tí omi dé ní ọdún tó burú jù, kí ọmọdé kan sì máa wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Tí a bá sọ fún òṣìṣẹ́ àjọ lórí fóònù pé omi ti gòkè ní ìgbọ̀nwọ́ kan láàárín ọjọ́ méjì, yóò mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, ó sì ṣàǹfààní ju kí a sọ pé omi ti ń pọ̀ lọ.

Kí ẹgbẹ́ àdúgbò wá ya àwòrán àdúgbò sórí páálí ńlá kan. Kí ó fi ojú gọ́tà, kànga, ilé tó ti ń la, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gáàsì, àti ilé tí àgbàlagbà tàbí ẹni tí kò lè rìn ń gbé hàn lórí rẹ̀. Kí ó mú ibi ìpàdé kan tó wà lórí ilẹ̀ gíga, ilé ìwé ni ó sì sábà máa ń dára jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru àti ní ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà lọ́wọ́ baálẹ̀. A ti rí ibi tí àwọn obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n dúró sínú òjò níwájú yàrá ìkàwé tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ilé ẹni tó ń tọ́jú ilé ìwé náà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ní ohun kan tó lè ràn wá lọ́wọ́, ìyẹn ni àwọn régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní olórí, akápò, nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ọjọ́ ìpàdé. Tí régbérégbé kan bá yan ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá kí Rẹ́dì Kírọ́ọ̀sì kọ́ wọn ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí ó sì fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí SEMA gẹ́gẹ́ bí olùyọ̀ǹda ara ẹni, àjọ náà yóò ní ọwọ́ tí ó lè lò láàárín ìlú láìsan owó oṣù kankan. Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, jẹ́ ọjọ́ tí ó yẹ kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti wà ní ìdúró, nítorí pé èrò, ẹṣin àti ìbọn ìbílẹ̀ máa ń wà ní ojú kan náà, ẹṣin kan tí ẹ̀rù bá bà sì lè mú kí èrò dà sórí ara wọn. Ọ̀nà tí áńbúláǹsì yóò gbà jáde gbọ́dọ̀ ṣófo láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí a má ṣe gbé ọkọ̀ síbẹ̀, kódà bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ẹni ńlá.

Bí a ṣe ń pè fún ìrànlọ́wọ́

Nọ́ńbà 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà, a kì í sì í san owó ìpè sí i. Nọ́ńbà 122 ni ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ kọ méjèèjì pẹ̀lú nọ́ńbà ilé panápaná tó súnmọ́ yín sára ògiri ilé, sí ibi tí ọmọdé lè kà á.

Ohun tó ń dá ìrànlọ́wọ́ dúró jù ni ìpè tí kò ní àlàyé nínú. Ẹni tó pè á pariwo pé iná ń jó, á sì pa fóònù, ẹni tó gba ìpè kò sì ní mọ̀ bóyá Ìta Òṣùgbó ni tàbí Òkè-Àjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ wà, nítorí bí fóònù bá já lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì lè wá yín kàn. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, iye ènìyàn tó fara pa, bóyá ẹnikẹ́ni wà lábẹ́ nǹkan tàbí nínú ilé, bóyá epo, gáàsì tàbí wáyà iná wà níbẹ̀, àti orúkọ yín. Báyìí ni kí ìpè náà ṣe rí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni mo wà, ní Ògèrè, ní apá tó ń lọ sí Ìbàdàn, lẹ́yìn ibùdó tírélà. Tánkà epo kan ti ṣubú, epo ń dà, kò tíì gbiná. Ènìyàn méjì ni mo rí tó fara pa, ọ̀kan wà nínú orí ọkọ̀. Èrò ti ń péjọ.” Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni yìí sọ apá ọ̀nà tó wà. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ náà, àti lórí èyí tó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọrẹ àti Bìní, ọkọ̀ panápaná tó bá gba apá kejì lè rin ìrìn jíjìn kí ó tó rí ibi tí yóò ti ṣẹ́rí padà.

Lẹ́yìn ìpè, kí ẹnì kan lọ dúró ní oríta láti júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀. Èyí ṣe pàtàkì ní àwọn àdúgbò titun ní Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde tí òpópónà wọn kò ní orúkọ lára ògiri.

Tánkà epo: ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ibùdó epo Mosimi wà lẹ́bàá Ṣágámù, páìpù epo gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá, tánkà sì ń gba ọ̀nà wa tọ̀sán-tòru. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ènìyàn tó ju 150 lọ ló kú ní Majia ní Ìpínlẹ̀ Jigawa nígbà tí tánkà tó ṣubú gbiná lé àwọn tó ń bu epo lórí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oríta Dikko ní Ìpínlẹ̀ Niger, ẹ̀mí tó ju 80 lọ ló sì bọ́. Nínú méjèèjì, àwọn tó wá bu epo pọ̀ nínú òkú ju àwọn tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa lọ.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe epo tí à ń rí nílẹ̀ nìkan ló ń gbiná. Èéfín tí kò ṣeé fojú rí ń jáde lára rẹ̀, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ń rìn lórí ilẹ̀ bí omi, á wọ inú gọ́tà, á sì dúró sí ibi tó rẹlẹ̀. Iná ọkadà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, ààrò àwọn tó ń dín àkàrà tàbí sìgá tó jìnnà sí tánkà lè mú un, iná náà á sì tọ ọ̀nà tí èéfín gbà wá padà sí orísun rẹ̀. Nítorí náà, ní kété tí tánkà bá ti ṣubú, kí olórí àdúgbò mú àwọn ènìyàn kúrò dé ó kéré tán mítà 300, kí wọ́n sì dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ sí ibi ìjàǹbá náà, kì í ṣe ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín náà lọ. Tí tánkà bá ti ń jó, mítà 800 ni. Kí àwọn tó ń ta oúnjẹ pa iná ààrò, kí a pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì da omi sí epo tó ń jó, nítorí orí omi ni epo máa ń léfòó sí, ibi tí omi bá sì ṣàn dé ni iná yóò dé.

Bí ìyálọ́jà àti ọ̀gá àwọn ọlọ́kadà bá ti bá àwọn ènìyàn wọn sọ èyí ní ìpàdé kí ó tó ṣẹlẹ̀, ohùn wọn ni àwọn ènìyàn yóò gbọ́ lọ́jọ́ náà. Àlejò tó wọ aṣọ ìjọba kò lè rí irú ìgbọràn bẹ́ẹ̀ gbà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Tí omi bá wọlé

Kí a pa iná mànàmáná láti ibi mítà kí omi tó dé ibi tí a ń ki wáyà bọ̀, kí a sì ti gáàsì. Kí a kó ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí àti oògùn sínú ọ̀rá, kí a kọ́kọ́ gbé àwọn arúgbó àti ọmọdé jáde. Omi tó ń ṣàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú, èyí tó tó 30 sì lè gbé ọkọ̀ kékeré. Àwọn awakọ̀ wa kì í gbà èyí gbọ́ títí tí ọkọ̀ yóò fi kú sáàárín omi. Lẹ́yìn tí omi bá ti fà, ẹ má ṣe mu omi kànga tí àgbàrá bò títí tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi da oògùn sí i, nítorí onígbáméjì máa ń tẹ̀lé omíyalé.

Bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ àdánù

Ibí yìí ni ìrànwọ́ ti máa ń há jù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé mẹ́tàdínlógún lóru. Mo kọ orúkọ àwọn onílé náà sórí bébà kan láìya fọ́tò, láìbéèrè iye ayálégbé tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ládùúgbò náà kọ tirẹ̀, ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì wà nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò bá ìwé méjì tí kò bá ara wọn mu, wọ́n ní kí a lọ ṣe é pọ̀ kí a tó tún pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wá, òjò sì ń rọ̀ sórí ìyá àgbà kan tó ń sùn lábẹ́ tapólì ní gbogbo àkókò náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yan ẹni mẹ́ta kí àjálù tó dé: akọ̀wé, obìnrin kan tí àwọn ìyá lè bá sọ̀rọ̀, àti ẹnì kan láti ààfin tàbí ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ. Kí ó ní àdírẹ́ẹ̀sì ilé, orúkọ onílé, orúkọ olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan tó ń gbé inú rẹ̀, iye àgbàlagbà àti ọmọdé, ẹni tó ń ṣàìsàn tàbí tó lóyún, ohun tó bàjẹ́, ọjọ́ àti wákàtí tó ṣẹlẹ̀. Ayálégbé kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú ìwé náà, nítorí pé páànù lè jẹ́ ti onílé, ṣùgbọ́n fóòmù àti ìkòkò tó bàjẹ́ jẹ́ ti ayálégbé. Kí a ya fọ́tò ilé láti ìta àti láti inú kí a tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kí olórí ìdílé sì fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀. Láàárín wákàtí 48, kí a mú lẹ́tà pẹ̀lú ìwé yìí lọ fún alága ìjọba ìbílẹ̀, kí a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí SEMA, kí a sì gba òǹtẹ̀ ìjọba sí ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ wa.

Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ yóò wá fi ojú ara wọn rí i, wọn yóò sì fi ohun tí wọ́n rí wé ohun tí a kọ. Tí ẹ bá ti fi ilé kan tí nǹkan kan kò ṣe kún un, gbogbo ìwé náà ni wọn yóò máa ṣiyèméjì sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn yín mọ̀ ṣáájú pé ìrànwọ́ tí wọ́n ń mú wá, bí ìrẹsì, gààrí, kúbùsù, símẹ́ǹtì tàbí páànù, wà láti gbé ènìyàn ró ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni, kì í ṣe láti san iye ohun gbogbo tó ṣòfò padà. Ẹni tó bá ń retí ilé odindi yóò bínú sí ẹni tó gbé àpò símẹ́ǹtì mẹ́wàá wá fún un, ìjà náà yóò sì kan akọ̀wé àdúgbò.

Ní ọjọ́ pínpín, kí a ka orúkọ sókè láti inú ìwé kan náà, kí ẹni tó bá gba nǹkan fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ àtàǹpàkò, kí a sì kọ́kọ́ ya ti àwọn tí kò lè wá fúnra wọn sọ́tọ̀, kí ọ̀dọ́ méjì gbé e lọ bá wọn nílé. Kí a fi ìwé tí a ti fọwọ́ sí náà ránṣẹ́ padà sí SEMA láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí a kọ àwọn tí nǹkan kò dé ọ̀dọ̀ wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà nínú fáìlì ẹgbẹ́ pẹ̀lú àwòrán àdúgbò àti nọ́ńbà ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.